Gíráíńdà Tí A Fi Yangàn ní Ẹ̀gbẹ́dá

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Mo kí Bàbá wa níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Mo kí gbogbo ará ilé, àti Sikírá, àbúrò mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Sikírá, rọra kà á, má sì fo ibi tó bá korò.

Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Ìta náà la ti fi Múfú, ẹ̀gbọ́n mi, yangàn, ẹ jẹ́ kí ìta gbọ́ ibi tó já sí.

Ẹ ò ní tíì gbàgbé ohun tí ẹ bá mi sọ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Ẹ di apá mi mú, ẹ ní ìwé tí mo fẹ́ lọ kà dára, ṣùgbọ́n kí n wá ẹ̀gbọ́n mi rí. Kí n sọ fún un pé Bàbá kò lè dìde mọ́, pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè tí wọ́n bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, kí ó wá fojú kàn wọ́n kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ohun kan ṣoṣo tí a sì gbọ́ nípa Múfú láti ìgbà tó ti lọ ni èyí tí ọkùnrin ará Ìkòtún yẹn mú wálé: pé òun pàdé rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Amẹ́ríkà, Múfú ní kí a má ṣèyọnu, ìdí gíráíńdà ni òun ti ń ṣiṣẹ́. Inú wa dùn! Bàbá ní ọmọ òun ti ra ẹ̀rọ ìlọta ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin ròyìn rẹ̀ káàkiri Ẹ̀gbẹ́dá títí àwọn ọmọ àdúgbò fi sọ yín ní Ìyá Onígíráíńdà. Ẹ tilẹ̀ ní kí bíríkìlà yọ ojú ibì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé fún èyí tí yóò fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo débí, ibi tí wọ́n ti ń lọ ata ni mo ń bèèrè kiri, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ata wo ni òyìnbó ń lọ, jàre?

Bí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì kan ní Filadẹ́fíà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Búrẹ́dì gígùn ni, a ó là á láàárín, a ó kó ẹran pẹlẹbẹ, wàrà dídì, tòmáàtì àti àlùbọ́sà sí i, a ó wá ta òróró lé e. Họ́gì ni wọ́n ń pè é níbí, ẹ má sì pè é ní nǹkan mìíràn lójú wọn o. Ní Niú Yọ́ọ̀kì, akọni ni wọ́n ń pe nǹkan kan náà. Ogun wo ni búrẹ́dì jà? Lápá ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ní ọmọ tálákà ni orúkọ rẹ̀. Kálukú ló ní ti ìlú òun nìkan ni ojúlówó, wọ́n sì ń jà sí i bí a ṣe ń jà sí ilẹ̀ bàbá ẹni.

Òtútù ibí a máa wọ egungun. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ń di ẹrù padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní owó epo ti dé, iṣẹ́ ló ń wá èèyàn kiri. Yàrá tí mo ń gbé ti wá dákẹ́ jù.

Lọ́jọ́ kan oníbàárà kan wọlé, ó ní kí a bá òun ṣe gíráíńdà kan. Ọ̀gá mi, tí kì í bínú, fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e síta. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sá tọ ọkùnrin náà, ó ní orúkọ tí wọ́n ń pe búrẹ́dì wa nìyẹn ní ìlú òun, Hátífọ́ọ̀dù, àwa oníhọ́gì ni kò mọ nǹkan kan. Ìyá mi, kò sí ẹ̀rọ kankan. Búrẹ́dì ni Múfú ń là.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Hátífọ́ọ̀dù nínú yìnyín, mo ń wọ ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, títí mo fi bá a. Orí rẹ̀ ti ń hewú díẹ̀díẹ̀. Mo kí i, mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ yín, mo jíṣẹ́ Bàbá fún un. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ. Èrò ń dúró lẹ́yìn mi, ẹnu mi ṣì, mo ní họ́gì. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní gíráíńdà ni àwa tí a wà níbí ń pè é. Ọ̀rọ̀ “àwa” yẹn dùn mí dé ọkàn. N kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀yin àti Bàbá náà kò sí níbẹ̀.

Ó dì í sínú bébà, ó nà án sí mi. Bí mo ṣe ń gbà á, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó rọra fi Yorùbá sọ fún mi pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀. Ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ tí Bàbá fi ń sọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó fọhùn, ó ti yíjú sí ẹni tó tẹ̀ lé mi.

Mo dúró síta títí wọ́n fi tilẹ̀kùn, n kò rí i kó jáde. Nígbà tí mo tún padà lọ, wọ́n ní ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sọ ibi tó ń lọ. Bóyá ìtìjú ni, torí iṣẹ́ ẹnjiníà ni Bàbá rán an wá kọ́. N kò mọ̀. Ẹ̀rù ara mi gan-an ń bà mí. Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ fún àlejò kan pé họ́gì ni àwa ń pè é níbí.

Ìyá mi, n kò ní tàn yín. Múfú kò ní wá. Bí Bàbá bá bèèrè, ẹ sọ fún wọn pé ó ṣì rántí pé a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ nílé wa. Ohun tí mo rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run Ọba rọ Bàbá lọ́rùn, kí ó dá ẹ̀yin sí fún wa, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ẹkún pọ̀ nílé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò, àti ẹni tó bá ṣì bèèrè mi.

Èmi ni Káríímù, ọmọ yín.