Ijù Kọ́, Ìju Ni

Ìwó ilé,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Sí Nàfísátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo,

Àsàláámù àléékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ Badrudeen ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Iná ńkọ́, omi ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń lo balùwẹ̀ ńkọ́? Ara tèmi le bí ọta, orúnkún nìkan ló ń bínú, mo sì ti ní kó máa bínú lọ, n kò ráyè tirẹ̀. Ọlọ́run Ọba tó jẹ́ kí a rí oṣù tó lé yìí kò ní jẹ́ kí a fẹ́ ara wa kù. Àmín.

Kí n tó gbàgbé, ọkùnrin tó wá kan ilẹ̀kùn yín pẹ̀lú àdá méjì, ọkọ́ kan àti ìgò ọ̀tápíápíá mẹ́fà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má pe ọlọ́pàá sí i. Mùkáílà ni, ará Kuta, ẹni tó máa ń bá mi roko. Èmi ni mo rán an. Ẹ fún un lóńjẹ kó sinmi. Bó bá rin kinkin pé òun kò ní padà láìṣiṣẹ́, nítorí olóòótọ́ ènìyàn ni, kó ro koríko etí gọ́tà yín. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi rán an, ṣùgbọ́n kí o ti mọ̀ pé ìwọ lo jẹ̀bi.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Mo wà ní ìsọ̀ mi l'Ódò-Orí, mò ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, fóònù bá dún, mo ní kí àwọn oníbàárà ní sùúrù, pé ọmọ mi ló kọ̀wé sí mi, mo sì mọ̀wé. O mọ̀ pé ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà lọ́dọ̀ Tíṣà Oyèdèjì, èmi ni mo sì ṣe ipò kìíní nínú fífi àmì sórí ọ̀rọ̀. Tíṣà a máa sọ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì, ìhòòhò ló jáde. Nàfísátù, gbogbo ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi, kò sí èyí tó ró aṣọ nínú wọn. Wo bí o ṣe kọ ọ́:

"Mama dokita ni iju lo wa ninu ile omo mi o si ti po. Won fe gba oju iho kokoro ko o kuro lojobo. E ma so fun enikeni. E fi adura ran mi lowo."

Ó dáa. Mo mú bírò, mo da ọ̀rọ̀ náà kọ sẹ́yìn páálí, mo sì ń wọ aṣọ fún un níkọ̀ọ̀kan. Mo kọ ilé ọmọ mi, mo sì fò sókè. Mo ní háà, ọdún méje tí a ti ń retí ọmọ, àṣé Nàfísátù àti ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ilé dè é, wọ́n tilẹ̀ ti fi orúkọ ọmọ pè é! Mo ní ìgbàgbọ́ nìyẹn. Nígbà tí mo dé orí iju, mo fi àmì ìsàlẹ̀ sórí u, ó di ijù, mo ní ó mà ṣe o, igbó ti gba ilé ọmọ. Kokoro, mo fi àmì ìsàlẹ̀ mẹ́ta sí i, ó di kòkòrò, ìyẹn ni mo fi ra ọ̀tápíápíá. Dókítà yẹn, mo gbà pé ní Èkó ilẹ̀ náà ní dókítà tirẹ̀. Èyí tó wá le jù ni E ma so fun enikeni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kì í kọ a méjì, nítorí náà mo fi ìkan kún un fún ọ, ó di ẹ máa sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ọmọ dáadáa, kò fẹ́ jẹ ayọ̀ rẹ̀ nìkan. Mo bá ń sọ.

Mo sọ fún àwọn aláta, mo sọ fún àwọn aláṣọ, mo sọ fún awakọ̀ tó ń lọ sí Ilé-Ogbó, ó sì bá mi sọ dé ọ̀hún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣú, kò sí ẹni tí kò kí mi kú oríire ilé tuntun. Mùkáílà gbéra kí ilẹ̀ òní tó mọ́. Èmi náà bọ́ sí Àsàláátù ní agogo mẹ́wàá, mo dìde láàárín gbogbo ẹgbẹ́, mo ní kí wọ́n bá mi ṣe dúà sí ilé tí ọmọ mi kọ́, tí ijù gbà. Ẹni tó sì jókòó níwájú mi gan-an ni ìyá ọkọ rẹ, tí wọ́n wá láti Olúpọ̀nnà.

Alájà Àtọ́kẹ́, nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìntì, ní kí n mú fóònù wá. Wọ́n wò ó, wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n ní ijù kọ́ o, ìju ni, orí i ni àmì yẹn ń gbé. Wọ́n ní ilé ọmọ tí o wí kì í ṣe ilé oníbúlọ́ọ̀kù, inú ikùn rẹ ló wà. Wọ́n ní kòkòrò kọ́, kọ́kọ́rọ́ ni. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní máa sọ náà kọ́, má sọ ni.

Nàfísátù, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyá Badru sọ nígbà Iléyá tó kọjá, pé àwọn fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ kí àwọn tó kú, bí kò bá ti ọ̀dọ̀ rẹ wá, kó ti ibòmíràn wá. Mo mọ̀ pé nítorí wọn lo ṣe ní kí n má sọ. Èmi ìyá rẹ ni mo wá fi ẹnu ara mi tú àṣírí rẹ lójú wọn. Mo ní mo ti pa ọmọ mi.

Ìyá Badru dìde, wọ́n di òpó mú. Wọ́n ní lẹ́yìn tí àwọn bí Badru, ikùn àwọn wú fún oṣù mẹ́rìnlá, ayé ń kí wọn kú ìkúnra, wọ́n ti ra fìlà ọmọ, àṣé ìju ni. Wọ́n gbé wọn lọ sí Ìbàdàn, àwọn dókítà la ikùn wọn láti ibí dé ibí, wọ́n gbé ilé ọmọ náà kúrò pátápátá. Wọ́n sọ fún gbogbo wa nígbà náà pé àpẹ́ńdíìsì ni. Wọ́n ní bí àwọn bá ń pariwo lé ọ lórí, ẹ̀rù tó ti wà nínú àwọn láti ọjọ́ yẹn ló ń pariwo. Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Ni ẹnì kan bá nawọ́ sókè lẹ́yìn, ó ní òun náà ní in. Òmíràn nawọ́. Nígbà tó yá, ó dà bí ìgbà tí a ń dìbò, Alájà Àtọ́kẹ́ ń kà wá, ọwọ́ mẹ́tàlélógún! Àwọn tí a ti jọ ń jókòó lórí ẹní kan náà láti ọjọ́ yìí! Ẹ̀rín ń pa wá, omijé ń bọ́. Ààfáà tó fẹ́ ṣe wáàsí ń hùkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, a ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n ṣì máa gba atẹ́gùn níta.

Alájà wá là wá lọ́yẹ̀. Wọ́n ní ìju jẹ́ ẹran tó ń hù sí ilé ọmọ, kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀san. Ẹlòmíràn ní in, ó sì bímọ mẹ́fà, ṣùgbọ́n èyí tó bá lọ jókòó síbi tó yẹ kí ọmọ jókòó lè máà jẹ́ kí ọmọ ráyè. Mo ní ayálégbé burúkú nìyẹn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ojú ihò kọ́kọ́rọ́ kò ní la ikùn rẹ bí ẹni la ẹja. Ihò kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, wọ́n á ti kámẹ́rà tín-ín-rín tó ní iná wọlé, dókítà á máa wo inú rẹ lórí tẹlifíṣọ̀n, á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ara irú rẹ̀ a sì máa tètè yá.

Ibi tẹlifíṣọ̀n yẹn ni mo ti ní ìbéèrè. Èwo ni wọ́n fẹ́ gbé e sí? Bó bá jẹ́ ti Òṣogbo, gbogbo àdúgbò wa ló ń wò ó, n kò sì fẹ́ kí bàbá tó ń ṣe bàtà máa wo inú ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣeé yẹ̀, kí wọ́n fi sí àsìkò tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n tún ní wọ́n máa fẹ́ atẹ́gùn sí ikùn rẹ kí wọ́n lè ríran dáadáa. Mo ti lọ bi Lateef tó ń fẹ́ táyà, ó ní àṣejù ló ń bẹ́ nǹkan, kí dókítà máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, kó sì rántí tú u kó tó dí i. Bí wọ́n bá ní kí o má jẹ má mu, gbà á ní ààwẹ̀. Àgbo tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, má fẹnu kàn án, Alájà bínú sí i gan-an.

Wọ́n máa fún ọ ní fọ́ọ̀mù kí o fọwọ́ sí. Má kánjú. Bi dókítà bóyá ìju nìkan ni wọ́n fẹ́ mú, tàbí ohun mìíràn pẹ̀lú, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, kó sì fi àmì sí i. Ẹni tó ń lé ayálégbé kì í wó ilé. Kí Badrudeen náà lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ní kí n kọ ìyẹn, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, wọ́n sì ní kí n fa ìlà sí i nídìí.

Èmi àti wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Má ṣe wàhálà oúnjẹ. Kìkì owó ọkọ̀ tí Mùkáílà máa fi padà ni mo fẹ́ kí o bá mi fún un, àti owó díẹ̀ tí n ó fi pààrọ̀ fóònù yìí sí èyí tó ń gba àmì, torí ìwọ náà rí ohun tí àìsí àmì ti ná wa.

Nàfísátù, oyún mẹ́ta ló bọ́ lára mi kí n tó bí ọ, ọ̀kan tún bọ́ lẹ́yìn rẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa ní orúkọ. Ìwà mi ni wọ́n ní ó fà á, mo sì gbà á gbọ́ títí di àárọ̀ òní. Má ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Alájà kò ṣèlérí pé ọmọ á dé dandan, èmi náà kò ní parọ́ fún ọ. Bó bá dé, a ó kẹ́ ẹ. Bí kò bá dé, ìwọ ni mo bẹ Ọlọ́run kí n tó rí kẹ́, ìwọ nìkan lo gbé ilé ọmọ tèmi já, ilé náà sì kún.

Kí Ọlọ́run bá dókítà di ọ̀bẹ mú. Kí o wọlé láyọ̀, kí o jáde láyọ̀, kí ilé ọmọ rẹ má di ijù láéláé. Àmín.

Bí o bá lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n lè má tíì jẹ́ kí n wọlé wá bá ọ. Kọ "Mo ji" sí fóònù mi. Ìyẹn nìkan ni mo gbà kí o kọ láìní àmì. Bó ti wù kó wà ní ìhòòhò tó, màá mọ̀ ọ́n kà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sọ̀fíyàt oníẹ̀wà.