Bó O Bá Rí Mi Níwájú Ọkọ̀

Virtue, okun o, mo kí ọ. Tí o bá fi máa jí, èmi àti bàbá rẹ á ti wà lọ́nà Ilé-Ifẹ̀. Ibẹ̀ la ó ti lo ìsinmi Àjíǹde, a ó dé ní Mọ́ńdè. Òun ló ní ká padà lọ wo ìlú tí a ti pàdé. Èmi ò bẹ̀ ẹ́ fún ìgbafẹ́ kankan.

Látìgbà tó ti ta oko kajú tí a jọ dá láì sọ fún mi, o mọ̀ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ni mò ń jókòó sí. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ dè mí báyìí, ó ń fun fèrè. Ẹ̀yìn náà ni mo gbé báàgì mi sí.

Ọbẹ̀ wà nínú fíríìjì. Bí ìyá bàbá rẹ bá béèrè wa, sọ pé a lọ gbafẹ́. Má bínú pé mo jágbe mọ́ ọ lánàá, ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí.

Ní Mọ́ńdè, yọjú lójú fèrèsé kí o tó ṣí géètì. Bó o bá rí mi níwájú, gbé iṣu kaná. Bó o bá rí mi lẹ́yìn, má bi wá ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló dé, wá bá mi nílé ìyá mi ní Mopa. Kó àwọn aṣọ mi tó wà lórí okùn dání.

Màmá rẹ