Ìbéèrè Tí Ẹ Kọ Sẹ́yìn Ìwé Ètò Ìsìn

Dádì mi àtàtà,

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kí yín, torí tí mo bá kọ́kọ́ béèrè bí ibi tí ẹ wà ṣe rí, omijé á dé, mi ò sì ní lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá mọ́.

Mo lọ sí ìpàdé yẹn. Ìpàdé àpérò lórí ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù àti ìṣòro tó wà níwájú rẹ̀, tí yunifásítì tó wà nítòsí Decatur máa ń pe gbogbo ará ìlú sí. Èyí tí ẹ bẹ̀ mí lọ́dún tó kọjá pé kí n gbé yín lọ, tí mo ní ó ti rẹ̀ mí. Ó sì ti rẹ̀ mí lóòótọ́, Dádì. Wákàtí méjìlá ni mo fi wà lórí ìdúró ní ọsibítù, ẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ yín dé ni. Mo rò pé kí ẹ sinmi ló dáa. Ẹ ò bá mi jà. Ẹ kàn tú táì yín, ẹ ká a, ẹ fi sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó sàn kí ẹ pariwo mọ́ mi?

Gbogbo èèyàn ló máa ń bi mí pé kí ló kan tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lawrenceville ní Amẹ́ríkà níbí, nínú ọ̀rọ̀ Yúróòpù. Èmi mọ̀. Kúnlé ni, ọmọ àbúrò yín, tí ẹ tọ́ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Kúnlé gba orí omi dé Ítálì, wọ́n gba ìtẹ̀ka rẹ̀ níbẹ̀. Ó yọ́ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Jámánì, àwọn ará Jámánì sì dá a padà, wọ́n ní ibi tó ti kọ́kọ́ wọlé ni kó ti lọ tọrọ ààbò. Láti ìgbà yẹn ni ẹ ti ń kọ ìbéèrè kan náà sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó kọ ọ́, ẹ ó pa á rẹ́, ẹ ó tún un kọ. Pásítọ̀ á máa wàásù, bírò yín á máa lọ. Mo bá oríṣi márùn-ún nínú Bíbélì yín lẹ́yìn tí ẹ lọ. Mo mú èyí tó kúrú jù níbẹ̀, mo wakọ̀ lọ.

Wíwá ibi tí mo máa gbé ọkọ̀ sí nìkan gbà tó ìdajì wákàtí. Gbọ̀ngàn náà tutù bí inú fìríìjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ló jókòó sórí pèpéle, pẹ̀lú obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní olú ilé iṣẹ́ ìṣọ̀kan Yúróòpù, àti alága tó ń wo aago. Wọ́n jiyàn, ẹ̀yin ì bá gbádùn rẹ̀. Ṣé kí wọ́n gba àwọn orílẹ̀-èdè tuntun mọ́ra tàbí kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn? Ṣé ó yẹ kí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lè dá gbogbo ìyókù dúró? Ṣé kí wọ́n ní ọmọ ogun kan náà? Ọ̀kan ní ìṣọ̀kan náà ò tíì lágbára tó, èkejì ní ó ti fún wọn lọ́rùn jù.

Gbogbo ìyẹn ò bí mi nínú. Ìgbà tí wọ́n kan ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gba orí omi wọlé ni nǹkan yí padà. Ẹrù ni wọ́n ń pè wọ́n, Dádì. Pé báwo ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe máa pín ẹrù náà. Mo ń retí kí ẹnì kan dárúkọ èèyàn kan. Ẹrù, ẹrù, títí wọ́n fi mu omi.

Wọ́n pín pépà kéékèèké pé kí a kọ ìbéèrè wa. Mo da tiyín kọ, mo fi ránṣẹ́. Alága ka mẹ́ta. Ìkẹta nínú wọn ń béèrè bóyá àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù ṣì ń gbọ́ orin ara wọn! Lẹ́yìn ìyẹn ó ní àkókò ti tó, a dúpẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kàn gbọ́ tí mo ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bíi tiyín, bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ojú fi máa ń tì mí.

“Màdáámù, àkókò ti lọ,” alága sọ.

“Bàbá mi ló ni ìbéèrè yìí,” mo dá a lóhùn. “Wọ́n ti kú. Kò ní pẹ́.”

Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi. Mo kà á: Ẹ ní ilẹ̀ yín ti di ilé kan, ẹ ti wó ògiri àárín rẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé kan ni, kí ló dé tí ẹ ń sọ fún àlejò pé yàrá tó bá wọlé ni kó jókòó sí, kó má yọjú sí ìyókù?

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà díjú. Ó sọ̀rọ̀ títí, mi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Obìnrin yẹn ló fọwọ́ dá a dúró.

“Mo wà lára àwọn tó kọ díẹ̀ nínú òfin yẹn,” ó ní. “Bàbá yín jàre. A mọ̀ nígbà tí à ń kọ ọ́ pé kò dáa. Ohun tí gbogbo wa lè gbà láti fọwọ́ sí ò ju ìyẹn lọ.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́, Dádì! Bí ìgbà tí wọ́n wá wo eré. Níbi tí a ti ń mu tíì lẹ́yìn ìpàdé, ọkùnrin kan wá bá mi, ó ní Gẹ̀ẹ́sì bàbá mi dùn púpọ̀. Ṣé ìyẹn náà lèsì? Mo gbé bískíìtì mi kalẹ̀, mo jáde.

Inú ọkọ̀ ni mo ti pe Kúnlé. A ò tíì sọ̀rọ̀ gidi látìgbà tí ẹ ti kú. Ọjọ́ yẹn, ẹkún la jọ sun. Mi ò bi í nípa pépà ìgbélùú rẹ̀ torí ojú ń tì mí. Èmi wà nílé mi, òun wà níbi tó wà. Mo rò gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

“Àǹtí mi, ẹ ṣeun. Àbí Dádì ò sọ fún yín ni?”

“Sọ kí ni?”

“Wọ́n ti fún mi ní pépà. Ó ti lé lọ́dún kan. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo tiẹ̀ ti lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Jámánì lẹ́ẹ̀mejì. Dádì ni mo kọ́kọ́ pè.”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sunkún. Wọ́n wá ní kí n má tíì sọ fún yín. Wọ́n ní tí ẹ bá gbọ́ pé tèmi ti yanjú, ẹ ò ní gbé àwọn lọ sí ìpàdé kankan mọ́. Mo ní kí ló wá kù tí ẹ fẹ́ bi wọ́n? Wọ́n ní ṣebí àwa mẹ́jọ la wà nínú yàrá kan ní àgọ́ tí wọ́n kó wa sí ní Ítálì, ṣé èmi nìkan ni mo ní bàbá ni?”

Dádì, kí ló dé tí ẹ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún mi? Ẹ rò pé tí ọ̀rọ̀ Kúnlé bá ti tán, mi ò ní gbé yín lọ. Lójú tèmi kò tíì tán, mi ò sì gbé yín lọ. Kí ni kí n wá ṣe sí ìyẹn?

Mo bi Kúnlé nípa àwọn méje yòókù. Márùn-ún ti rí pépà tàbí kí wọ́n ti fúnra wọn padà sílé. Ẹnì kan, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ẹnì kan ṣì wà ní àgọ́ náà, Sàlíù, ará Ìsẹ́yìn, ó ń dúró de pépà. Mo padà wọ inú gbọ̀ngàn. Obìnrin yẹn ti ń wọ kóòtù rẹ̀. Mo kọ orúkọ Sàlíù sílẹ̀ fún un, mo ní ẹrù kan nìyí. Ojú tì í. Ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún mi, ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Mo ti kọ ọ́ láàárọ̀ yìí kí n tó kọ tiyín. Mi ò mọ̀ bóyá á dáhùn.

Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Bóyá ǹ bá ṣì ní ó ti rẹ̀ mí. Síbẹ̀, ẹ̀ bá ti sọ fún mi.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó ń bá yín jà, tí àárò yín kò jẹ́ kó jókòó.