Ẹ̀rọ Onígílóòbù Tí A Ṣe fún Etí Ìyá Rẹ

Ọmọbìnrin mi àtàtà, ẹlẹ́tí bí ewé kókò,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le bí ọta? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu, àbí ìwọ lò ń yọ wọ́n lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé bàbá rẹ? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, àtẹ̀gùn gíga tí ò ń gùn lójoojúmọ́ yẹn kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bí o bá wà ní ìjókòó, dìde dúró kí o tó ka ìlà tó kàn, nítorí injiníà ló ń kọ̀wé sí ọ.

Èmi bàbá rẹ tí kò kọjá ìwé mẹ́rin ti fi ọwọ́ ara mi ṣe ẹ̀rọ kan tó jẹ́ pé bí èèrà bá wúkọ́ nínú ògiri, ẹni tó bá so ó mọ́ etí á kí i pẹ̀lẹ́. Gbogbo àdúgbò ló tò sí ẹnu ọ̀nà wa láti wá gbọ́ ọ.

Ó dáa, kì í ṣe gbogbo àdúgbò. Ènìyàn méjì ni, èmi sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ti ọwọ́ ara mi yẹn náà, ọ̀rẹ́ mi Bàbá Rédíò, tó ń tún rédíò ṣe ní ìkòríta, ló mú irin gbígbóná dání, èmi mú tọ́ọ̀ṣì àti ìmọ̀ràn. Ó ní òun ìbá ti tètè parí ká ní tọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo mú wá.

Kò sí ewu nílé, àfi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. O mọ bí èmi àti ẹ̀ ṣe máa ń ṣe: mo bú u láàárọ̀, ó fi èlé san án padà kí ilẹ̀ tó ṣú, a rẹ́rìn-ín, a sùn. Láti bí oṣù mélòó kan, lásán ni mò ń bú u. Mo ní ìrìn rẹ̀ dà bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n ti fèrèsé. Mo ní ọlọ́pàá ń wá ọbẹ̀ tó sè lánàá, ó ní òun náà gbọ́ pé ó ti wọ́n sí i. Mo rò pé ó ń fojú pa mí rẹ́ ni. Ó dùn mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà dáadáa, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn aládùúgbò mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kan mo wọlé, mo bá omi lórí iná, ó ń hó, ọmọrí ìkòkò ń jó gbàgà-gbàgà, ìyá rẹ sì jókòó tì í, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń yọ òwú lára aṣọ. Omi yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé etí ni. Mo sọ fún un, ó ní etí òun kò ṣe nǹkan kan, pé eyín tó ń bọ́ lẹ́nu mi ló ń jẹ́ kí n máa gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Oníbàárà kan ní kí ó gé ọwọ́ aṣọ òun kúrú díẹ̀, ìyá rẹ gé e dé èjìká. Obìnrin náà ń pariwo, ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń kí i pé ó ṣeun. Nígbà tó yé e, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n gbé máṣíìnì wá sílé, ó ránṣẹ́ sí ìyàwó káfíńtà pé kí ó bá òun wá ẹni tó máa ra máṣíìnì, pé òun ti ránṣọ tó. Máṣíìnì yẹn ti bá a gbé kí ìwọ tó dáyé. Bí ó bá lọ, mo mọ̀ pé ìyá rẹ á jókòó sí yàrá, á máa wo ògiri, á sì ku èmi nìkan pẹ̀lú ẹnu mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí páálí rẹ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí o kó àwọn gílóòbù kéékèèké sí, tí o ní ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ fi ń ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé orin wọ inú etí yín. Mo mọ̀ pé o ní kí n má fọwọ́ kàn án. N kò fọwọ́ kàn án. Mo kàn ṣí i, mo kó o jáde, mo gbé e tọ Bàbá Rédíò lọ.

Inú ọkùnrin náà dùn! Ó ní fáàfù ni wọ́n ń jẹ́, irú wọn ló wà nínú rédíò nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, ó sì ń nù wọ́n bí ẹni ń nu imú ọmọ. Àmọ́ ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n, a bá wo fóònù rẹ̀, níbi tí ọkùnrin kan ti ń kọ́ni. Ọkùnrin yẹn kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní kó rọra kí n wọ awò ojú mi, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Àfìgbà tí Bàbá Rédíò fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ láyà ló tó dúró gbagidi, tòun ti ẹnu ní lílà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí a fi jẹun tán. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó jókòó.

Nǹkan onírin kan tún wà nínú páálí rẹ, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, Bàbá Rédíò ní tiransifọ́mà ni. Ẹ̀rù bà mí. Tiransifọ́mà tí mo mọ̀, èyí tó wà lẹ́bàá òpó iná níwájú ilé wa, ó ga jù mí lọ. Mo ní ọmọ rẹ̀ ni èyí nígbà náà, mo sì bi í pé ọdún mélòó ni yóò fi dàgbà, ta ni yóò sì ra òpó fún un. Ó ní kí n gbájú mọ́ tọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, nígbà tí òṣìṣẹ́ tó ń pín ìwé owó iná ń bọ̀, mo fi fìlà bò ó, mo jókòó tì í, nítorí n kò mọ iye tí wọ́n ń gbà lórí ọmọ ọwọ́. Ohun kan bí agolo tún wà níbẹ̀ tí Bàbá Rédíò ní iná máa ń sùn sínú rẹ̀ bí a tilẹ̀ ti yọ wáyà lára ògiri, ó sì lè gbá ènìyàn dànù. Láti ọjọ́ náà, n kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láì kágò.

A yọ́ òjé, a so wáyà, a yọ ibi tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ fi ń gba ohùn, a so ó mọ́ iwájú ẹ̀, a so ìbotí rẹ dúdú tó ń rọ̀ mọ́ orí yẹn mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, èéfín. Ìgbà kejì, ó kùn bí agbọ́n. Bàbá Rédíò tún wáyà tò, ó ní ká dúró kí àwọn gílóòbù náà kọ́kọ́ gbóná. Mo ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn bí iná èédú kó tó gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n pọ́n díẹ̀díẹ̀, mo sì gbọ́ bí orókún mi ṣe ń dún.

Ó wá ku orí kunkun ìyá rẹ. Ó ní òun kò ní dé nǹkan tó dà bí ti awakọ̀ katakátá. Mo dọ́gbọ́n. Mo pariwo mọ́ ọn létí pé ẹni tó fẹ́ ra máṣíìnì ti ń bọ̀, pé wọ́n ń sọ kiri pé máṣíìnì náà ń ké bí ilẹ̀kùn tó dípẹtà, kí ó fi ẹ̀rọ yìí gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. O mọ ìyá rẹ: bú òun, kò burú, ṣùgbọ́n má bú máṣíìnì rẹ̀. Ó já ìbotí náà gbà, ó dé e, ó fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì.

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ tí kò dá lójú. Ó ní ṣé ẹ kò rí i pé máṣíìnì yìí fẹ́ òróró ni, ó ti ń sunkún láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó sọ fóun. Ó ro òróró sí i, ó fa aṣọ ìnuwọ́ tí kò ya, ó ń rán an. Mo gbé ẹnu sí ibi tó ń gba ohùn, mo sọ èébú kan tí mo ti ń tọ́jú fún un, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbá máṣíìnì. Ó ti ránṣẹ́ sí ìyàwó káfíńtà pé òun kò tà mọ́.

Nítorí náà, fi gílóòbù kan ránṣẹ́, èyí tó wà lápá òsì ti ń ṣẹ́jú. N kò béèrè owó. Ṣùgbọ́n bí owó bá ṣèèṣì bọ́ sínú páálí náà, má wulẹ̀ yọ ọ́, owó kì í fọ́ gílóòbù, Bàbá Rédíò kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Bá wa béèrè dókítà etí lọ́hùn-ún pẹ̀lú, nítorí wáyà ẹ̀rọ yìí kò gùn ju ẹnu ọ̀nà lọ, ìyá rẹ sì fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ibi tí o bá fọwọ́ lé á dára. Ẹni tó máa gbọ́ ohùn rẹ, tí inú rẹ̀ á dùn, kò ní wọ́n ọ láyé.

Mo ti fẹ́ di ìwé yìí kí ìyá rẹ tó ní òun á kà á, nítorí náà ó di dandan kí n tún ibì kan ṣe. N kò sọ èébú kankan, kò sì rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹnu sí i lóòótọ́, èébú náà wà lórí ahọ́n mi, ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni pé ṣé o ń gbọ́ mi. Ó ní òun ń gbọ́, kí n yé pariwo. Mo ní mo fẹ́ lọ lé ewúrẹ́ kan lẹ́yìnkùlé. Kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀. Ẹkún ni mo lọ sun.

Èmi ni bàbá rẹ.