Má Wá Gbé Kẹ̀kẹ́ Bàbá Rẹ Mọ́

Ìjẹ̀dẹ́,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2006.

Bísọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Súrùlérè lọ́hùn-ún? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì ńkọ́? Bí o bá béèrè tiwa, a dúpẹ́, bàbá rẹ ń jẹun dáadáa, èmi náà ń jẹ èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Káàdì ìpè tí o fi rán Tóyìn àbúrò mi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, o ṣeun, ó rẹwà gan-an. Tóyìn ní kí n fi kọ́bọ̀ ha ojú ẹ̀ kí n lè fi pè ọ́, mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ṣé nǹkan tí ọmọ mi fi owó rà ni màá fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́? Mo ti tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí o fi ń rí lẹ́tà.

O rántí pé èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé sí ọ lóṣù tó kọjá pé bàbá rẹ, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ti forúkọ sílẹ̀ pé òun fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ díje, pé kí o gbà mí o. O sì fèsì pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí lo máa gbé mọ́tò wá gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ, kó tó ṣe ara ẹ̀ léṣe. Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má wá gbé e mọ́. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọ́n máa ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní kó kọ Bísíríyù fókanáísà, torí ta lèèyàn tún ń pè bí nǹkan bá ṣe kẹ̀kẹ́? Àwọn tó ni ìdíje ní àwọn fojú fò ó lẹ́ẹ̀kan yìí, pé bó bá tún di ìgbà mìíràn, ọmọ bíbí inú ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n tún ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà yẹn gbọ́n o. Ó we nǹkan dúdú kan mọ́ ọn lápá, ó ń fún un ní atẹ́gùn bí ẹni ń fún táyà, ó tú atẹ́gùn náà jáde, ó ní ó dára. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí páǹpù ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo táyà ẹ̀yìn, kì í pẹ́ rọ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni, kò wò ó.

Nígbà tó di ọjọ́ ìdíje, bàbá rẹ wọ ṣòkòtò péńpé kan tó lẹ̀ mọ́ ọn nítan, mo ní kó gba ìborùn mi kó fi bora, ó kọ̀. Wọ́n dé fìlà líle kan fún un tó lu ihò bí ajere. Wọ́n wá fi nọ́ńbà 52 mọ́ ọn lẹ́yìn. Inú ẹ̀ dùn, ó ní ṣé mo rí i báyìí, àwọn tó mọ ojú rí òun, wọ́n ní ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta lòun. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. A rò pé ọjọ́ orí oníkálukú ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn.

Ìtamágà ni wọ́n ti gbéra, ó di Ẹ̀pẹ́. Bọ́ọ̀sì kan kó àwa ará ilé tẹ̀ lé wọn. Àwọn mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ká tó dé Ìtóìkín ó ti rẹ méje, ọ̀kan tiẹ̀ ti jókòó ti alágbàdo. Ó wá ku bàbá rẹ àti ọkùnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan tó ń jẹ́ Ògúnsànyà, tí orí àti irùngbọ̀n ẹ̀ funfun bí òwú, nọ́ńbà 71 sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Òun ló wà níwájú, ṣùgbọ́n agbára ti tán lára ẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń gbé e kiri ojú títì. Bàbá rẹ lè yà á sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Kí lo rò pé ó ṣe? Ó sún mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ṣí fìlà, ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá. Ọkùnrin náà ní kó rọra, pé àwọn jọ ń lọ náà ni. Bàbá rẹ ní ẹ ṣeun, sà, ó sì dúró sẹ́yìn ẹ̀! Mo yọrí lójú fèrèsé, mo ń ké pé Bàbá Bísọ́lá, ẹ kọjá, ìdíje ni! Ó bojú wẹ̀yìn, ó fajú ro sí mi bí ẹni pé wọn ò kọ́ mi nílé. Bí wọ́n ṣe tò wọ Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, Ògúnsànyà ṣe ipò kìíní, ó gba fáànù, bàbá rẹ gba fúláàsì. Ó tún dọ̀bálẹ̀ kí i kú oríire, tòun ti ṣòkòtò yẹn.

Ìgbà náà ni wọ́n ń ka orúkọ àti ọjọ́ orí. Wọ́n ní Ògúnsànyà, ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Wọ́n dé orí bàbá rẹ, wọ́n ní Bùsàrí, ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ lásán ló wà lẹ́yìn wọn! Ẹni tí bàbá rẹ fi ọdún mẹ́sàn-án jù ló ń pè ní ẹ̀gbọ́n láti Ìtóìkín. Ògúnsànyà na gbọọrọ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, pé ìran àwọn ni, láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni irun àwọn ti ń funfun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Ìjẹ̀dẹ́, ó gbé fáànù àti ẹja yíyan wá bẹ̀bẹ̀. Bàbá rẹ gba ẹja, ó ní kó máa gbé fáànù lọ, pé àwọn á tún pàdé nínú ìdíje oṣù Kejìlá, òun ò sì ní tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọdé.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tinú mi fún ọ. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tà pínpín, iwájú ilé ló ń jókòó sí, tó ń wo ọkọ̀ ojú omi. Ohun yòówù kí n bi í, hẹn ló máa wí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá hẹn gbélé. Ẹ̀rù ń bà mí, Bísọ́lá, mi ò kàn sọ fún yín ni. Lọ́jọ́ tí Ògúnsànyà lọ tán, bàbá rẹ wá jókòó tì mí nídìí ààrò, ó ń rò ó, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó sì pè mí ní Àníkẹ́. Mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń pè é.

Fọ́ọ̀mù oṣù Kejìlá nìyí nínú àpò ìwé yìí, fọwọ́ sí i, kí o fi rán Tóyìn padà. Fi owó táyà méjì àti túùbù kan sí i, àti ti òróró tí màá fi ra orúnkún fún un, bó bá sì ṣẹ́ kù, èmi náà á ra nǹkan jẹ nínú bọ́ọ̀sì, igbe kíké ń pa ọ̀fun. Iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí, iwájú ni wàá máa lọ. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwọ àti ọkọ rẹ dàgbà débi tí ẹ ó máa bára yín jà nítorí kẹ̀kẹ́.

Bí o bá sì kọ̀, tí o ṣì gbé mọ́tò wá ní Sátidé, a ò ní gbé e pa mọ́ fún ọ. Wàá bá kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá rẹ á wà lórí ẹ̀, èmi á wà lórí kárià lẹ́yìn ẹ̀, màá dì í mú. Kí o wá gbé wa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kúbúrá Àníkẹ́.