Kókó inú ọmú Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi Rachidatou,

Mo ti gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn. Àárọ̀ yìí ni Màmá fi kókó inú ọmú òsì wọn hàn mí, ó le bí èkùrọ́. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n ẹ ti mọ̀ láti ìgbà ààwẹ̀. Ṣebí wàrà àti oòrùn àárọ̀ tí o sọ ló fi ń wò ó.”

Mo sọ pé kálísíọ̀mù inú wàrà àti fítámì D tí oòrùn ń fún ara lè ṣe ọmú lóore. Mi ò sọ pé wọ́n ń wo kókó sàn. Nígbà tí ẹ ń fún wọn ní wàrà, èmi rò pé ẹ kàn ń kẹ́ wọn ni!

Mi ò dúró dè yín, kí n má baà bú yín. Ẹ tètè máa bọ̀. Dókítà máa bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó dá a lóhùn.

Mansour