Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Sikútà Ẹlẹ́nìkan

                                        Ilé Kẹta,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Pápá.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ẹni tí ó máa ń ka ìwé tán kí n tó ṣí i,

Báwo ni ara ṣe rí? Ṣé ojú rẹ ti ń ríran dáadáa látìgbà tí o ti pààrọ̀ gíláàsì? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ń sùn báyìí, àbí wọ́n ṣì ń jí ní ìdájí láti wá wò ó bóyá o ti ti ilẹ̀kùn? Bá mi kí olówó orí rẹ, kí o sì sọ fún àwọn ọmọ pé àǹtí wọn kò gbàgbé ìwé ìtàn tí ó ṣèlérí. Ní tèmi, ara le. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣì ń rò pé èmi ni mo dá ìṣirò sílẹ̀ kí n lè fi jẹ wọ́n níyà.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo fẹ́ fún ọ lónìí. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí: n kì í lè jẹ́ kí ayọ̀ wọlé láì kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

O rántí Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún wọn, ìrìn gígùn ti di èèwọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀fù kò kúrò lọ́kàn wọn. Káàtì ló ń gbé wọn káàkiri pápá, ọkọ̀ kékeré aláìnílẹ̀kùn tí èèyàn méjì máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn àti Agbẹjọ́rò, ọ̀rẹ́ wọn láti ìgbà èwe, ló jọ máa ń jókòó sínú ọ̀kan. Agbẹjọ́rò ló máa ń wà á. Ìwọ náà sì mọ̀ pé ẹni tó bá di ìdarí mú ló ń pinnu ibi tí ọkọ̀ máa kọ́kọ́ yà sí. Ìdí bọ́ọ̀lù Agbẹjọ́rò ni ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ dé. Agbẹjọ́rò á gbá a bó ṣe wù ú, á wá gbé Ẹ̀gbọ́n mi dé ìdí tiwọn, ẹnu rẹ̀ kò sì ní sinmi: "Nọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀lù ni, kì í ṣe aláìsàn. Gbá a ká máa lọ." Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbá a ní ìkánjú, á sì fò wọ inú igbó. Ọdún dé, ọdún lọ, Agbẹjọ́rò ń gba ife àwọn àgbà obìnrin, Ẹ̀gbọ́n mi ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́dún yìí àwọn méjèèjì tún pàdé ní àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá ife. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ti pe ẹbí jọ, ó ní ìyá òun ti ṣeré tó, ó tó kí wọ́n máa sinmi nílé kí ìbàdí wọn má baà tún ṣẹ́. A fa ọ̀rọ̀ náà títí tí tíì tutù nínú ife gbogbo wa. Níkẹyìn Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dára: bí òun kò bá lè borí nínú ìdíje yìí, kí ó wá kó àwọn ọ̀pá gọ́ọ̀fù náà lọ, òun kò ní tẹ pápá mọ́. Mo wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹni tó fi ilé baba rẹ̀ dógò ni.

Òjò wá rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ìdíje. Òfin pápá náà sì nìyí: bí ilẹ̀ bá tutù, káàtì kò gbọdọ̀ jáde, nítorí táyà rẹ̀ máa ń fa koríko ya. Ẹni tó bá lè rìn, kó rìn. Ẹni tí kò bá lè rìn, kó kí alátakò rẹ̀ kú oríire.

Nínú ilé tí wọ́n ń kó àwọn káàtì sí, ní kọ̀rọ̀, ni àwọn sikútà oníná tí ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù rà wà. Ẹlẹ́nìkan ni: ìjókòó kan, táyà méjì tó fẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé àpò ọ̀pá sí níwájú. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí eruku fi bò ó. Wọ́n ní àwọn kò dàgbà tó yìí kí àwọn tún wá máa gun ohun ìṣeré ọmọdé. Olùtọ́jú koríko ló sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó ní ti sikútà kò rí bíi ti káàtì. Ó fúyẹ́, koríko máa ń dìde padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá lè gùn ún, kó máa gùn ún lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé wọn. Mo rán wọn létí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Oníyèméjì, tí mo bá jókòó sílé ńkọ́?"

Ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ni mo ti di ẹ̀yìn ìjókòó wọn mú, tí mo ń sáré tẹ̀lé wọn láàárín àwọn mọ́tò, èmi olùkọ́ àgbà, bàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n pariwo pé kí n fi ìjókòó sílẹ̀. Ibi tí mo dúró sí lẹ́yìn lọ́hùn-ún ni mo ti dáhùn pé mo ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí Agbẹjọ́rò rí wọn, òun náà fa sikútà kan jáde. Ó ní òun kò lè máa fẹsẹ̀ gbá ẹrẹ̀ lẹ́yìn nọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń bá a gbé àpò.

Bí ìdíje náà ṣe rí rọrùn láti yé ni: ní ihò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fi ìgbá tó kéré jù gbá bọ́ọ̀lù wọlé ló ni ihò yẹn. Mo gbé agboorùn, mo ń gba ọ̀nà àbùjá tẹ̀lé Ẹ̀gbọ́n mi. Láti ihò àkọ́kọ́ ni nǹkan ti yàtọ̀. Agbẹjọ́rò gba ọ̀tún lọ sídìí bọ́ọ̀lù tirẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi gba òsì lọ sídìí tiwọn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n mí, wọ́n wo afẹ́fẹ́, wọ́n wo bí koríko ṣe sùn sí. Kò sẹ́ni tó ń kán wọn lójú. Ìgbà náà ló yé mi pé n kò tíì rí Ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rí. Ìkánjú wọn ni mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí.

O mọ̀ pé èmi àti ìwọ ti jiyàn lórí àwọn ìwé tó ń sọ pé ẹ̀rọ ń ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Mo rò ó lábẹ́ agboorùn. Àwa tí a ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣé ohun tó ń gbé kálukú lọ lọ́tọ̀ lè bá wa mu? Ṣùgbọ́n mo tún bi ara mi pé, àjọjókòó tí ẹnì kan ń darí tí ẹnì kejì kàn ń bá a lọ bí ẹrù, ṣé àgbájọ ni yẹn? N kò tíì rí ìdáhùn. Bí o bá rí i, kọ ọ́ sí mi.

Nígbà tí a dé ihò tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n mi fi ihò kan ṣáájú. Ibẹ̀ ni nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́. Ẹni tí káàtì bá ti mọ́ lára, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń lọ. Ọkọ̀ á dúró dè é. Sikútà kò mọ ìyẹn. Ó ní ẹsẹ̀ irin kan tí o gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tì sílẹ̀ kó tó lè dúró. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ ihò, wọ́n yọ ọ̀pá, wọ́n sì ń lọ. Sikútà náà rọra ń tẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn nípàdé, ó ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ sì ta bọ́ọ̀lù wọn kúrò níbi tó wà. Bí ẹrù rẹ bá ta bọ́ọ̀lù rẹ, o máa dá a padà, wọ́n á sì ka ìgbá kan mọ́ ọ lọ́rùn.

Agbẹjọ́rò wà lọ́hùn-ún nídìí àwọn igi, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Nígbà ayé káàtì, ẹ̀gbẹ́ wa gan-an ni ìbá jókòó sí. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n mi nìkan la rí i. Mo wo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọ̀pá sókè, wọ́n ké sí i pé, "Agbẹjọ́rò, sikútà mi ti bá mi gbá ọ̀kan o! Kà á mọ́ mi."

Agbẹjọ́rò yíjú padà. "Kí lo wí?"

Wọ́n tún un sọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, Agbẹjọ́rò kò rí nǹkan sọ. Ìgbá kan yẹn ló jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n mi pàdánù ihò náà, wọ́n wá di ọgbọọgba. Nígbà tí a ó fi dé ihò ìkẹyìn, ọmọ wọn ti wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó ti ṣí ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ de àwọn ọ̀pá.

Agbẹjọ́rò gbá tirẹ̀, ó kọjá lẹ́nu ihò díẹ̀. Ó kan Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti ẹsẹ̀ sikútà sílẹ̀, wọ́n lọ, wọ́n padà wá fọwọ́ mì ín wò, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Ẹ̀gbọ́n mi dúró ti bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbá a. Bọ́ọ̀lù náà yí lọ jẹ́jẹ́, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ihò bí àlejò tí kò dá ilé mọ̀, ó sì wọlé.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ju agboorùn nù. N kò mọ ibi tó bọ́ sí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Agbẹjọ́rò dì mọ́ wọn, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ohun tó o ti ń fi pamọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí nìyí?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "O ò dákẹ́ kí n rí bọ́ọ̀lù ni." Àwọn méjèèjì wá gun sikútà padà sílé ẹgbẹ́, wọ́n rọra ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹnì kan kò ṣáájú ẹnì kejì, ẹnu Agbẹjọ́rò sì ti là padà.

Ọmọ wọn ló wá ń nu ẹrẹ̀ ara sikútà náà. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Mọ́mì, ṣé wọn ò ní èyí tó ní ìjókòó méjì, kí n lè máa tẹ̀ lé yín?"

Ìyá rẹ̀ gbé ife sí abíyá. "Ẹlẹ́nìkan ló tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ wá tìrẹ gùn."

Bá mi kí Màmá dáadáa, sọ fún wọn pé Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. Kí gbogbo ilé. Má jẹ́ kí èsì pẹ́, pàápàá lórí ìbéèrè àgbájọ yẹn.

Èmi náà ni, tìrẹ lójò lẹ́ẹ̀rùn,
Oníyèméjì,
tí kò ṣiyèméjì lọ́jọ́ kan yìí.